Iṣẹ́ Tí Yóò Mówó Wọlé Lọ́la

Ajíbádé gbé ife tíì sílẹ̀, ó sá wọ yàrá, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Tíṣà àgbà ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Adó, tí àwọn òbí ń ṣí fìlà fún, ló ń sá pamọ́ fún àgbẹ̀ kan láti Ìyìn!

"Sọ pé n kò sí nílé," ló wí fún Monínúọlá ìyàwó rẹ̀.

"Wọ́n ti rí yín. Bàbá Ayọ̀kúnlé ni, wọ́n sì mú ẹ̀gbọ́n wọn dání."

Ẹ̀gbọ́n kẹ̀? Ọ̀rọ̀ ti di ẹjọ́ nìyẹn.

Ó mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí Ayọ̀kúnlé ka ìwé mẹ́fà tán, Olúgbádé bàbá rẹ̀ wá bi í léèrè iṣẹ́ tí yóò mówó wọlé lọ́jọ́ iwájú. Ajíbádé ò tilẹ̀ ronú. Kòkó ni! Kí ọmọ lọ ṣe akọ̀wé ní ilé ìtajà àwọn òyìnbó tó ń ra kòkó ní Oǹdó, kó máa wọ ṣòkòtò gígùn, kó máa gba owó oṣù títí yóò fi darúgbó. Nígbà tí Olúgbádé dárúkọ iṣẹ́ káfíńtà, ẹ̀rín ni Tíṣà fi rín in. Àfi bí owó kòkó ṣe já wálẹ̀ lọ́dún kejì, tí ilé ìtajà náà tilẹ̀kùn, tí àwọn akọ̀wé rẹ̀ sì tú ká. Láti ìgbà náà, bí Ajíbádé bá ti rí Olúgbádé lọ́ọ̀ọ́kán lọ́jọ́ ọjà, ó ti yà sí kọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó gbà pé òun ti ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, ó sì ń dùn ún wọra.

Kò sí ibi tí yóò sá gbà mọ́. Ó jáde.

Kó tó la ẹnu, Olúgbádé, tó fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ iṣu kan.

"Ẹ dìde o! Èmi ló yẹ kí n..."

"Ẹ jẹ́ á bẹ̀ yín tán ná, Tíṣà," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "A ò gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ayọ̀kúnlé ò lọ sí Oǹdó rárá. Uṣẹ́ káfíńtà ló lọ kọ́ ní Igbemo. Ó ti gbòmìnira báyìí, ṣùgbọ́n kò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé ẹ forí jì wá, kí ẹ sì súre fún un."

Ajíbádé wá àga jókòó.

"Kò lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"Kò lọ. Òun ló ń kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́hùn-ún."

"Ṣé ẹ gbọ́ pé ilé ìtajà yẹn ti kógbá wọlé?"

Olúgbádé dìde, ó wo ilẹ̀. "A gbọ́. Ìyẹn ni ò jẹ́ á tètè wá, kó má baà dà bí ẹni pé a wá fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ ọjà, bí mo bá rí yín, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà."

Ajíbádé bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni àwọn méjèèjì fi ń sá fún ara wọn! Ó dárí jì wọ́n, ó súre fún ọmọ, ó sì tọrọ àforíjì tirẹ̀, èyí tí àwọn àlejò kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní Tíṣà kì í jẹ̀bi. Monínúọlá ti ń kó iṣu wọlé.

Síbẹ̀, ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. "Báwo ni Ayọ̀kúnlé ṣe mọ̀ pé káfíńtà ni yóò lówó lórí, tí èmi ò mọ̀?"

"Kò mọ̀, Tíṣà," ni Olúgbádé wí. "Ó kàn fẹ́ràn igi ni."

Nínú gbogbo ọmọ tí Ajíbádé ti bá òbí wọn yan iṣẹ́ fún, kò rántí ẹyọ kan tí òun bi léèrè pé kí ló wù ú.