Ta Ló Ń Pe Akínbọ́lá Lọ Sójú Òkun?

…ẹnìkan ló ń pè é. Ọmọ kì í dédé jí kó ní ojú òkun ni òun fẹ́ ti máa ṣiṣẹ́. Ọmọ Adó! Ọmọ tí kòkó baba rẹ̀ ń so wọ̀ǹtì-wọnti lóko — rárá, ẹnìkan ni. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Mo máa ń mọ̀ pé ebi ń pa á kó tó ké. Ẹni tó ń pè é yìí nìkan ni mi ò rí.

Mo gbé òkúta lé èkùrọ́ kan. Ó fò lọ. Kó máa lọ. Gbogbo nǹkan ilé yìí ló fẹ́ máa lọ lónìí.

Ó jókòó síwájú ilé báyìí, òun àti àpótí pákó rẹ̀, ó ń retí ẹnu mi. Bámgbóyè ọmọ mi, baba rẹ̀, kò tilẹ̀ jókòó láàárọ̀ kó tó sọ ọ́: "Ìyá, ọwọ́ yín ló wà. Bí ẹ bá súre fún un, kó bá mọ́tò lọ sí Òṣogbo lọ́la, kó wọ ọkọ̀ ojú irin. Bí ẹ ò bá súre, kó mú àdá kó tẹ̀ lé mi." Ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹnu mi tí wọ́n ní kì í sinmi, òun náà ni wọ́n wá di ẹrù lé.

Àbí Tíṣà Ọláoyè ni? Òun ló mú ìwé wá, pé wọ́n ti gbà á ní Màríìnì, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ìjọba l'Ékòó, pé ọdún márùn-ún ni wọn yóò fi kọ́ ọ níṣẹ́ ẹ̀rọ inú ọkọ̀ òkun. Mo ká a mọ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní, "Tíṣà, kí lẹ fún ọmọ mi jẹ?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Èkó, èmi tí mò ń sá fómi! Òun ló ní kí n bá òun kọ̀wé." Ẹ̀rín yẹn… mi ò gbà á gbọ́. Àmọ́ lóòótọ́ ni, nígbà òjò èṣí, pípọ̀n ni wọ́n pọ̀n ọ́n sọdá odò Ùrèjé bí ìkókó. Kì í ṣe òun.

Obìnrin ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n Àtinúkẹ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ rèé lẹ́yìnkùlé wa, láti ìjẹta ló ti ń sunkún: "Ìyá àgbà, ẹ bá mi dá a dúró." Obìnrin tó ń peni lọ kì í sunkún pé kéèyàn má lọ.

Ṣé iṣẹ́ oko ló ń sá fún? Ta ló ń ṣe é tó o nínú ọmọ Bámgbóyè!

Omi fúnra rẹ̀ ńkọ́… onígbàgbọ́ ni mí, mi ò ní parí ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n mo rí i. Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn ògiri, ó bu iyọ̀ sínú igbá omi, ó tọ́ ọ wò, ó di ojú. Ó tún bu sí i, ó tún tọ́ ọ wò.

"Akínbọ́lá! Kí lò ń ṣe?"

"Ìyá àgbà, ṣé bó ṣe rí nìyí? Omi òkun tẹ́ ẹ tọ́ wò. Ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó báyìí, àbí ó jù báyìí lọ?"

Mo ní ó jù báyìí lọ.

Ó jù… Báwo ni mo ṣe mọ̀?

Òkúta dúró lọ́wọ́ mi.

Oǹdó. Oǹdó ni ẹsẹ̀ mi ti wú, lójú ọ̀nà Èkó nígbà èwe mi. Baba Bámgbóyè, ọkọ mi, àti àwọn alárù yòókù fi mí sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá oníṣu kan, wọ́n kọjá lọ s'Ékòó. Ọjà mẹ́ta ná kí wọ́n tó padà dé tàwọn ti iyọ̀ àti ìròyìn. Ìròyìn yẹn ni mo rù wálé. Àwọn obìnrin rọ̀gbà yí mi ká: "O dé òkun?" Ẹnu mi ní, "Mo dé e. Mo tọ́ ọ wò pàápàá." Baba Bámgbóyè wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó bu òkèlè iyán. Kò tú àṣírí mi títí ó fi kú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Ìyá Èkó. Tí Akínbọ́lá bá sì ń sunkún lórí ẹsẹ̀ mi, òkun ni mo fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: omi tí kò ní òdìkejì, ọkọ̀ tó tó àdúgbò kan lódindi, iná wínwín nínú rẹ̀. Bí mo bá ti ń sọ ọ́ ni mò ń fi kún un.

Èmi ni. Èmi ni mò ń pè é láti kékeré.

Inú mi sì ń dùn, Ọlọ́run má bínú! Nínú gbogbo ọmọ-ọmọ tó ń sùn lọ níbi ìtàn, ọ̀kan gbọ́.

Kí ló wá dé tí ẹnu mi ò ṣí? Ṣé ikú ni? Ikú wà lóko náà, ejò wà nínú kòkó. Àwọn tó lọ s'Ékòó ń bọ̀. Òun náà á bọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, ó sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín: "Màá padà wá sọ fún yín bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí."

Bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí.

Áà.

Á jókòó síwájú mi, á máa sọ ọ́, èmi á máa mi orí. Á dé ibì kan nínú ọ̀rọ̀ náà tí kò bá tèmi mu, á dákẹ́. Á wò mí. Ọmọ dáadáa ni, kò ní tú àṣírí mi. Á kàn ṣàánú mi.

Kì í ṣe omi ni mò ń bẹ̀rù. Kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ náà ni mò ń dá dúró; ọjọ́ tí irọ́ mi máa hàn sí i ni.