Ìbora Apolena

Ọdún mẹ́fà ni mo fi sùn lábẹ́ ìbora orogún mi, òkú orogún sì ni. Apolena ni orúkọ rẹ̀. Òun ni Vojtěch, ọkọ mi, kọ́kọ́ fẹ́. Òun ló bá a sọdá òkun láti Bohemia wá sí Nebraska níbí, tó bá a gé ilẹ̀ tòun ti koríko orí rẹ̀ fi mọ ilé àkọ́kọ́. Ibà ló pa á. Ó fi ìbora ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ibùsùn, èmi ni mo wá jogún òórùn rẹ̀. Mo jowú rẹ̀, mi ò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wà láàyè, èèyàn á rí i bá jà.

Láàárín àwa ará Bohemia, ìyàwó tó bá wọlé ọkọ láìgbé ìbora ìyẹ́ tirẹ̀ dání, bí ẹni wọlé ní ìhòòhò ni. Èmi ò ní. Ọmọ òrukàn tó ń wé sìgá ní Chicago, níbo ló ti fẹ́ rí pẹ́pẹ́yẹ sìn? Nígbà tí mo dé oko ni mo wá ra àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńlá ọlọ́rùn gígùn, mò ń tu ìyẹ́ àyà wọn pamọ́, wọ́n ń bù mí jẹ lápá. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá nínú ilé yẹn: ohun tí Apolena ò fọwọ́ kàn rí.

Nígbà tí ìyẹ́ pọ̀ tó, mo pe àwọn obìnrin àdúgbò wá bá mi ya á, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí yìnyín bo oko. A yí tábìlì ká, à ń fa apá rírọ̀ kúrò lára egungun àárín ìyẹ́. Nídìí iṣẹ́ yìí, ẹnìkan kì í rẹ́rìn-ín sókè, wọn kì í sì í ṣílẹ̀kùn, kí gbogbo rẹ̀ má baà fò lọ. Ṣùgbọ́n ta ló lè di Ìyá Hrušková, àgbà inú wọn, lẹ́nu?

"Ìyàwó tuntun, ìyẹ́ ẹ yìí le díẹ̀ o."

"Màmá, ó di ọdún kẹfà. Ìgbà wo ni mo máa gbó?"

"Má bínú o. Ti Apolena ni mo rántí, bí òwú ló rí. Ọwọ́ ọmọ yẹn rọ̀."

"Á ti rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí, Màmá, nínú ilẹ̀ tó wà."

Àwọn yòókù tẹrí ba, wọ́n ń gé ètè jẹ. Èjìká ẹnìkan ń gbọ̀n, ìyẹ́ sì ń dìde lórí tábìlì. Inú mi dùn díẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ ìlú lọ ra aṣọ aláwọ̀ búlúù tí n ó fi rán àpò rẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, àpò tí mo kó ìyẹ́ sí ṣófo nílẹ̀, ibùsùn sì wú bí ikùn aboyún.

"Vojtěch, ìyẹ́ mi dà?"

"Mo ti bá ẹ parí ẹ̀." Ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ìbora wa ti pẹlẹbẹ lápá kan. Mo tú u, mo da tìẹ sí i, mo pò ó pọ̀ dáadáa, mo sì rán an padà."

"Inú àpò ta lo dà á sí?"

"Ti Apolena. Kí la fẹ́ fi ìbora méjì ṣe, Otýlie? Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ máa bò mí báyìí."

Kò ní ibi kankan nínú, ìyẹn gan-an ló mú mi bínú sí i. Mo ní kó yọ ìyẹ́ mi jáde. Funfun ni tèmi, funfun ni ti Apolena. Ta ló fẹ́ ṣà á?

Mo wọ kóòtù mi, mo jókòó ti sítóòfù, mo búra pé mi ò ní wọ abẹ́ ìbora náà láé. Òtútù Nebraska kì í gbọ́ ti ìbúra. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi di igi, mo dìde, mo lọ bá àwọn méjèèjì.

Ó móoru. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yẹn, ara mi ò móoru tó bẹ́ẹ̀ rí. Bóyá ìyẹ́ tèmi ló ṣe é, bóyá tirẹ̀ ni, n kò ní mọ̀ ọ́n títí n ó fi kú.