Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Ìwòsàn

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kùn ní ìlú Bonsukrom nílẹ̀ Asante pé ará oko kì í tètè fojú kan dókítà. Kí inú máa run ẹni tó ti abúlé kòkó wá, kí inú máa run olùkọ́ tó ń gbé ẹ̀yìn ọjà, ilé ìwòsàn kan náà ni àwọn méjèèjì yóò gbà lọ. Olùkọ́ yóò ti padà délé, yóò ti jẹ fùfú, yóò ti nà gbalaja, ará oko yóò ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí ìkùnsínú náà dé etí àwọn ará yunifásítì ní Kumasi, wọ́n ní kí Pokuaa lọ wádìí rẹ̀.

Iṣẹ́ Pokuaa nìyẹn. Ó máa ń wo bí ilé ìwòsàn ṣe ń tọ́jú èèyàn: ta ni wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn, ta ni wọ́n gbàgbé, kí ló sì fà á. Iṣẹ́ gidi ni, àmọ́ ẹni tó ń ṣe é kì í lọ́rẹ̀ẹ́. Bó bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, àwọn nọ́ọ̀sì á sáré gbé oúnjẹ wọn pamọ́ sábẹ́ tábìlì.

Dókítà Bediako tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwòsàn náà ti dájọ́ kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹnì kan ló wà nídìí ẹ̀," ó ní. "Ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn tó ń fojú ará oko gbolẹ̀. Ìwọ ṣáà bá mi wá a jáde. Ẹni yòówù kó jẹ́, ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni yóò ti fẹ̀yìn tì."

"Tí kì í bá wá ṣe èèyàn ńkọ́, sà?"

"Tí kì í bá ṣe èèyàn, ṣé ewúrẹ́ ni?"

Lóòótọ́, ẹnu ọ̀nà ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Níbẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan ti máa ń bi aláìsàn ní ohun tó ń ṣe é, tí yóò sì fi káàdì kọ́ ọ lọ́rùn. Káàdì pupa ni ti ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ sáré gbé wọlé. Yẹ́lò ni ti ẹni tó lè dúró díẹ̀. Aláwọ̀ ewé ni ti ẹni tó lè jókòó títí oòrùn yóò fi yẹ̀. Nọ́ọ̀sì méjì ló ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ara wọn, ọ̀kan lónìí, èkejì lọ́la.

Sista Fosuaa ni ọ̀kan. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ.

"Sista, ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́, ilé ńkọ́..."

"Màmá, èmi kì í ṣe àna yín. Níbo ló ń dùn yín?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mo ní kí n kọ́kọ́ kí yín ni."

"Mo ti gbọ́. Ṣé orí ni àbí inú? Ẹ fọwọ́ kàn án kí n rí i."

Ata ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Àwọn ará oko a máa dúró ní gèètì, wọn a bi ọlọ́dẹ léèrè pé, "Ta ló wà níbẹ̀ lónìí?" Bó bá ní Ata ni, àwọn mìíràn a kàn yí padà sínú ọkọ̀. Pokuaa rí wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Sista Akyaa ni èkejì. Bí èèyàn bá rí i, yóò fẹ́ kó jẹ́ ìyá òun. Ó máa ń kó omi inú ọ̀rá sínú ike kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, ẹni tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé, á já ọ̀kan fún un kó mu, á sì kí i bí wọ́n ṣe ń kí àlejò nínú agbo ilé: "Àlàáfíà ni ibí wà. Ẹ̀yin lẹ ti ọ̀nà bọ̀." Àdúrà ni àwọn arúgbó máa ń rọ̀jò rẹ̀ lé e lórí. Pokuaa náà jẹ nínú oore rẹ̀. Lọ́sàn-án gbogbo ni Akyaa máa ń bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíbọ̀ àti ẹ̀fọ́ wá fún un. "Jẹun, ọmọ mi," á ní. "Ìwádìí kì í yó èèyàn."

Kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ata ni. Àmọ́ ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Nígbà tí Pokuaa kó gbogbo ohun tó ti rí jọ, ó wá hàn pé lọ́jọ́ Fosuaa, bákan náà ni ará oko àti ará ìlú ń pẹ́. Ọjọ́ Akyaa ni ará oko ń jókòó títí tí ìdí ń kan wọ́n lórí bẹ́ǹṣì. Ọjọ́ Akyaa náà ni àwọn tó kú kí dókítà tó rí wọn pọ̀ sí. Ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń gbàdúrà pé kí òun ti ṣì í. Kò ṣì í.

Ó ti àwo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọjọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé kò dùn ni, ọmọ mi?"

"Ó dùn, Sista. Ikùn mi ló kún." Irọ́ ni, ojú sì tì í bó ṣe ń pa á.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Bediako ránṣẹ́ pé òun fẹ́ gbọ́ orúkọ lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí Pokuaa bá dárúkọ, Akyaa di afọṣọ. Bí kò bá dárúkọ, àwọn ará oko á ṣì máa kú lórí bẹ́ǹṣì. Èwo lèèyàn fẹ́ mú níbẹ̀?

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeé, ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀yìn Akyaa kó lè máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, nítorí ojú lásán ló ti ń fi wo wọ́n láti ọ̀nà jíjìn. Bàbá àgbà kan wọlé tó fi ọwọ́ kan di ọmọ rẹ̀ obìnrin mú, tó fi èkejì di etí aṣọ ìborùn rẹ̀. Opanyin Badu ni wọ́n ń pè é, nítorí Opanyin ni wọ́n ń pe àgbà níbẹ̀, Birago sì ni ọmọ náà. Ọmọ náà tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Opanyin. Ẹ gba omi." Bàbá mu ún. "Àlàáfíà ni ibí wà. Ẹ̀yin lẹ ti ọ̀nà bọ̀."

Opanyin tún aṣọ rẹ̀ gbé sí èjìká. "Àwa náà, a ò mú ibi kankan wá. Birago ọmọ mi yìí ni ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yá, la ní ká wá kí yín."

"Ara á yá lágbára Ọlọ́run." Akyaa wo bí èrò ṣe tò títí dé gèètì, ó fi káàdì aláwọ̀ ewé kọ́ Birago lọ́rùn. "Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, wọ́n á pè yín."

Ọkùnrin báńkì kan tó wọ táì ló tẹ̀ lé wọn. "Sista, mo kú! Inú mi ń já! Mi ò sùn láti àná, ẹ wò mí, ẹ wò ó bí mo ṣe ń làágùn!" Yẹ́lò ni tirẹ̀, ó sì wọlé kíákíá. Ẹ̀wà àti gààrí ló jẹ jù, bí wọ́n ṣe rí i nígbẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n Pokuaa kò gbọ́ ti ọkùnrin báńkì mọ́. *A ò mú ibi kankan wá.* Ó mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ àgbà kú, àbúrò ìyá rẹ̀ ló wá túfọ̀ fún wọn ní Kumasi. Ó jókòó, ó mu omi, ìyá Pokuaa ní àlàáfíà ni ibí wà, ọkùnrin náà sì ní òun kò mú ibi kankan wá. Òkú sì wà nílẹ̀ nílé! Ìgbà tí ìyá rẹ̀ bi í lẹ́ẹ̀kejì pé kí ló gbé e kúrò nílé ló tó bọ́ aṣọ kúrò léjìká fún ọ̀wọ̀, tó sọ ohun tó wá sọ. Kò sẹ́ni tó pè é ní òpùrọ́. Kíkan ilẹ̀kùn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Ẹni tó kanlẹ̀kùn kò tíì wọlé. Kò sí baálé ilé kan ní gbogbo ilẹ̀ Asante tí kì í béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Akyaa nìkan ni kì í béèrè, nítorí èrò tí ń bẹ lẹ́yìn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odidi. Lẹ́nu ọ̀nà yìí, àbọ̀ ni àbọ̀ ń jẹ́, wọ́n sì ń fi káàdì kọ́ ọ lọ́rùn.

Pokuaa dìde, ó lọ lóṣòó síwájú bàbá náà.

"Opanyin, a ti gbọ́ ti àlàáfíà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló gbé yín kúrò nílé?"

Bàbá náà mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. "O ṣeun, ọmọ mi. Ó dákú lójú ọ̀nà, a fi omi wẹ̀ ẹ́ kó tó jí, ó tún dákú. Oyún rẹ̀ kéré, kò tíì yọ síta. Inú ń gún un láti ìdájí. Bó ṣe ṣe ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyí kó tó kú."

"Yéè! Bàbá, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún Sista?"

Opanyin wò ó tìyanutìyanu. "Sista ò tíì bi mí."

Ètè Birago ti funfun. Pokuaa figbe ta. Akyaa ló kọ́kọ́ débẹ̀, òun ló já káàdì náà kúrò lọ́rùn ọmọ, òun ló ti bẹ́ẹ̀dì sáré wọlé, bàtà rẹ̀ kan sì bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Oyún ti bẹ́ níbi tí kò yẹ kó dúró sí, ẹ̀jẹ̀ ti kún inú. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó yè é. Dókítà tó ṣe é ní bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i lórí bẹ́ǹṣì, òkú ni wọn ì bá pè wọlé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí Pokuaa rò gbogbo rẹ̀ fún un tán, Bediako lu tábìlì.

"Akyaa! Ta ni ì bá rò ó? Ó dáa. Láti Mọ́ńdè, Fosuaa ni yóò máa jókòó níbẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sí kíkí, kò sí omi. Ẹni tó bá fẹ́ kí èèyàn, kó lọ sí ìnáwó."

"Sà, kíkí kọ́ ló pa wọ́n. Kíkí tí wọ́n gé sí méjì ni. Akyaa mú ìdajì tó dùn, ó fi ìdajì tó ní iṣẹ́ nínú sílẹ̀. Fosuaa ò mú ìkankan."

"Síbẹ̀, ará oko kì í pẹ́ ju ará ìlú lọ lọ́jọ́ Fosuaa. Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀."

"Wọn kì í pẹ́ torí pé àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n pẹ́ ti padà láti gèètì. Mo fojú mi rí wọn, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò wọlé, mi ò kà á mọ́ ẹni tó dúró." Pokuaa ṣí ìwé rẹ̀ sójú ewé mìíràn. "Mo bi Opanyin Badu. Ọjọ́ Wẹ́sìdeé ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé Birago wá. Ọlọ́dẹ ní Ata ló wà níbẹ̀. Wọ́n gbé e padà sílé pé kí ilẹ̀ mọ́, kí Akyaa dé. Ọ̀rọ̀ ara obìnrin ni, sà. Wọn ò lè sọ ọ́ fún ẹni tí kò kí wọn."

Bediako yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó sì ń nù ún.

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

"Kí Akyaa padà. Kó kí wọn, kó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Kí Fosuaa náà kọ́ kíkí àti ìbéèrè kejì. Kẹ́ ẹ sì fi ẹnì kan kún wọn, torí ìbéèrè kejì ń gba àkókò."

"Ẹni tí mo bá fi kún wọn, ṣé láti Kumasi ni oúnjẹ rẹ̀ á ti máa wá?" Ó kùn, ṣùgbọ́n ó gbà. "Bí Akyaa bá fẹ́ padà ni o. Láti àná, kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀."

Pokuaa lọ bá a nílé. Akyaa jókòó lórí àpótí lẹ́nu ilé ìdáná, aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ti wà ní kíká lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n fẹ́ dá padà fún ẹni tó ni ín. Ó dìde, ó bu omi wá, Pokuaa mu ún.

"Àlàáfíà ni ibí wà. Ìwọ lo ti ọ̀nà bọ̀."

"Mi ò mú ibi kankan wá."

Akyaa rẹ́rìn-ín kan tí kò dénú, ó wá ní, "Kí ló gbé ọ kúrò nílé?"

"Ọ̀gá ní kẹ́ ẹ padà sẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Birago ti ń jẹun."

Akyaa mi orí. Iṣẹ́ tí wọ́n rán Pokuaa ti parí, ó lè dìde kó máa lọ. Kò dìde.

"Ó ku tèmi, Sista. Ṣé lóòótọ́ ni àlàáfíà ni ibí wà?"

Akyaa wo aṣọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ títí.

"Rárá," ó ní. "Kò sí àlàáfíà níbí, ọmọ mi. Àwọn tó kú lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ọwọ́ mi ni wọ́n ti gba omi. Wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Pokuaa kò sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ó fa àpótí tirẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ẹ rò ó fún mi," ó ní, Akyaa sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́.