Èyí Tí O Gbé Kẹ́yìn

"Wọ́n ní… èmi kò sí níbẹ̀ o… wọ́n ní bàbá mẹkáníìkì yẹn, Abẹ́-Ọkọ̀… pé ó ti sọ ọ́ lójú ọkọ rẹ pé… tuntun yìí… ẹ̀n-ẹ́n… pé kò ní bá a kalẹ́."

Abẹ́rẹ́ ń sáré lọ lórí aṣọ fèrèsé. Aránṣọ kò gbé ojú sókè. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà yọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti wọ ilé náà ṣáájú rẹ̀, ìyáálé ni. Kì í ṣe ẹni tí aránṣọ lè sọ fún pé kó panu mọ́.

"Kí ni wọ́n tún ní ó sọ, ìyáálé mi?"

"Pé kó dá a padà… fún àwọn tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Kó tó pẹ́ jù. Pé ti àkọ́kọ́ ló…" Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. "Jẹ́ n dákẹ́. Ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló gbọ́ ọ. Kì í ṣe ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ."

"Ẹnu ta wá ni?"

"Ẹnu atẹ́gùn."

Abẹ́rẹ́ ṣẹ́. Ìdajì rẹ̀ há sínú aṣọ, ìdajì tó kù fò lọ sábẹ́ àga, kò sì sí ẹni tó wá a.

Tuntun. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn nínú ilé náà: Ìyàwó Tuntun. Ìkòkò tó gbé wọlé ti dúdú nídìí, bàtà tó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ti já, orúkọ náà kò gbó. Ìyàwó àkọ́kọ́ ti kú kí òun tó dé, wọn kì í sì í dárúkọ rẹ̀. Wọ́n á kàn ní "nígbà yẹn", kálukú á sì bojú wo ibòmíràn.

Ká ní ẹnu ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ì bá fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Abẹ́-Ọkọ̀ ni. Ọkọ rẹ̀, agbaṣẹ́ṣe tó ń pàṣẹ fún bíríkìlà àti káfíńtà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kì í ra ohun tó tó ìṣó láì kọ́kọ́ bi ọkùnrin yẹn. Bí Abẹ́-Ọkọ̀ bá ní òjò ń bọ̀, á mú agbòjò jáde nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló sì ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Ó ní wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ́ìlì wo ló ń gba odidi ọ̀sẹ̀? Lánàá, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní yàrá; bó ti rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní "A ó sọ ọ́," ó sì da ojú fóònù bolẹ̀. Ìyàwó bi í pé kí ló dé. Ó ní kò sí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Aránṣọ ká aṣọ fèrèsé náà. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la ó fi sọ ọ́.

"Ẹ bá mi wo ìsọ̀."

"Níbo lò ń lọ?" Ìyáálé rẹ̀ ti dìde. "Má dá ọ̀ràn sí mi lọ́rùn o."

"Mo fẹ́ ra abẹ́rẹ́."

Lọ́nà, ó ń to ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ń tú. Bí wọ́n bá dá a padà, ibo ni yóò gbé ẹrù rẹ̀ sí? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi yàrá rẹ̀ àtijọ́ ṣe ibi ìkẹ́rùsí. Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń dùn ún. Ohun tó ń dùn ún ni pé ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, títí kan ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀, kò sì tíì rí ọ̀nà sọ ọ́.

Ọgbà mẹkáníìkì ń rùn fún epo àti rọ́bà jíjó. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni ọkọ̀ wọn, bọ̀gìnnì tuntun náà, tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ gbàgà bí ẹnu ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín rẹ̀. Ohun kejì ló dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Ọkọ̀ gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lábẹ́ tapólì. Igun tapólì ti yẹ̀, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì hàn: ọ̀kan ti pọ́n bí eyín arúgbó, ìkejì mọ́ kedere. Wọ́n ti pààrọ̀ ìkejì. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àdúgbò pé òun nìkan ló fọ́ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà forí sọ ògiri afárá pẹ̀lú ìyàwó àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un pé ọkọ̀ náà ti kúrò nílẹ̀.

Ẹsẹ̀ méjì yọ lábẹ́ ọkọ̀ tuntun.

"Ẹ káàsán, Bàbá."

"Ìyàwó wa." Abẹ́-Ọkọ̀ fi ẹ̀yìn wọ́ jáde, sípánà lọ́wọ́, epo ní imú. "Ṣé kò sí o?"

"Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa tuntun."

Ojú bàbá náà yí padà. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta ló sọ fún ọ? Mo ti ṣèlérí fún ọkọ rẹ pé o kò ní gbọ́."

"Òótọ́ ni nígbà náà."

"Òótọ́ ni. N kì í tan ọ̀rẹ́ mi jẹ. Wò ó, ó dára lójú, ta ló máa ní kò dára? Ó ń dán, ó ń ta sánsán, ohùn rẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n ojú ni gbogbo rẹ̀. Mo ti yẹ inú rẹ̀ wò, kò sí nǹkan gidi níbẹ̀."

"Bàbá." Aránṣọ sún mọ́ ọn. "Ìgbà wo lẹ yẹ inú mi wò?"

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Abẹ́-Ọkọ̀. "Inú ta?"

"Ẹ ní n kò ní bá a kalẹ́. Ẹ ní kó dá mi padà fún àwọn òbí mi."

Bàbá náà wò ó, ó wo ọkọ̀, ó tún wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ níkùn rẹ̀, ó pẹ́ kó tó dé ẹnu. "Ẹni tó ń lẹ táyà yẹn," ó ní, "etí rẹ̀ jò ju gbogbo táyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ni, ìyàwó wa. Ọkọ̀ ni mò ń bú."

Ara aránṣọ rọ̀, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ti padà sí tapólì.

Abẹ́-Ọkọ̀ kò kíyè sí i. Ó ti mú nǹkan dúdú kan tó sán láàárín wá. "Ohun tó ń fa omi tu ẹ́ńjìnnì lára nìyí. Ike. Nínú ọkọ̀ olówó ńlá. Ti èyí tó wà lábẹ́ tapólì yẹn, irin ni. Bó bá daṣẹ́ sílẹ̀, a ó tú u, a ó tún un dì. Èyí kò ṣeé dì. Odidi òmíràn ni a ó máa retí láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Wọn kì í ṣe ọkọ̀ fún ọmọ-ọmọ mọ́, ojú ni wọ́n ń ṣe é fún. Àtijọ́ yẹn, ọkọ rẹ ní kí n tà á, èmi ni n kò tà á. Bó ṣe wà yẹn, ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, á dáhùn. Mo ní kó padà sínú rẹ̀."

Padà sínú rẹ̀. Aránṣọ rántí gbọ̀ngàn onígíláàsì tí wọ́n ti ra tuntun. Ọkùnrin tó ń tà á fi ọwọ́ lu iwájú ọkọ̀ náà, ó ní bó bá kọlu nǹkan, iwájú yìí á rún bíi bébà, á jẹ ìyà náà tán kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń wo búùtù. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ bi í pé èwo ló wù ú, èyí ló nawọ́ sí. Ó ní àwọ̀ àga rẹ̀ ni. Báwo ni ì bá ṣe sọ ìdí rẹ̀ gan-an, nínú ilé tí wọn kì í ti í dárúkọ òkú?

"Ìyẹn tọ́jọ́, Bàbá," ó ní. "Mo rí i. Iná kan ló fọ́ lára rẹ̀. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ̀rín kú lójú Abẹ́-Ọkọ̀. Ó lọ fa igun tapólì náà sílẹ̀, ó bo iná méjèèjì, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lórí rẹ̀.

"Ohun tí ọkọ rẹ náà…" Ó gbé ìyókù ọ̀rọ̀ náà mì.

"Kí ló sọ?"

"Mo ti ṣèlérí."

"Ìlérí yẹn ti jò, Bàbá. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ tiyín, kò sẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ẹ má fi kún un, ẹ má yọ níbẹ̀."

Bàbá náà jókòó sórí táyà kan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí tirẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ san gbèsè ara rẹ̀.

"Èmi ní, 'Èyí tí o gbé kẹ́yìn yìí kò ní bá ọ kalẹ́. Dá a padà fún àwọn tí o gbà á lọ́wọ́ wọn. Ti àkọ́kọ́ ló ń tọ́jọ́.' Ó ń wo iná tí mo pààrọ̀ yẹn. Ó wá ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ti àkọ́kọ́ tọ́jọ́. Ta ló bá a kalẹ́? Èyí á rún. Mo gbọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Àwọ̀ àga ló fi bo ìdí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ máa bá mi tún un ṣe, iye ìgbà yòówù kó jẹ́. N kò ní dá a padà.'"