Ìwé Tó Wà Lórí Wàràkàṣì

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìwà òmùgọ̀ Janja ná, kí ẹlòmíràn tó bá a sọ ọ́: kò ka ìwé náà.

Jelka, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló kọ ọ́. Nígbà tó gbé e wá, ó ní, “Màmá àgbà, ẹ bá mi kà á. Tí ẹ bá ní ó dára, màá fi ránṣẹ́ sí màmá mi ní Jámánì.” Janja gbé ìwé náà lé orí wàràkàṣì kó lè tẹ omi inú rẹ̀ dànù. Ìwé wúwo, ó ṣiṣẹ́. Oṣù méjì gbáko ló fi ń jẹ wàràkàṣì, tó ń parọ́ pé òun ti kà á dé àárín.

Òun náà ló wá jókòó síwájú ní ilé ìkàwé ìlú Sutjeska, níbi tí wọ́n ti fẹ́ jíròrò ìwé náà lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú gèlè dúdú lórí. Ọ̀rọ̀ Katarina, ọbabìnrin ilẹ̀ wọn láyé àtijọ́, ni ìwé náà dá lé, ẹni tó sá lọ sí Róòmù nígbà ogun, tí ọ̀tá kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì, tí kò sì fojú kàn wọ́n mọ́ títí ó fi kú. Òun làwọn obìnrin Sutjeska ń wé gèlè dúdú ọ̀fọ̀ fún láti ìran dé ìran.

Olùkọ́ Perka ní ọbabìnrin inú ìwé náà ń sunkún jù. Ilija tó ń pín lẹ́tà ní kò sunkún rárá, pé ọkàn rẹ̀ le bí òkúta. Ẹnì kan ní ẹ̀rín rẹ̀ ló dun òun. Orí Janja dàrú. Àbí ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fún kálukú?

“Ìyá Ruža,” Ilija kọjú sí Janja, “ẹ̀yin ńkọ́?”

Janja dìde, ó fa yẹ̀rì rẹ̀ sókè. “Ìyá tó fọmọ sílẹ̀, tó ń jẹun nílẹ̀ onílẹ̀, ìyá wo nìyẹn? Adìyẹ mi gan-an ò jẹ́ ṣe é. Ká ní èmi ni mo bí i ni, igi tí mo fi ń ro ọkà àgbàdo ni ǹ bá fi nà án.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Janja náà rín in títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Jelka nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé.

Perka fa Janja láṣọ, ó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ hàn án. *Fún Ruža, ìyá mi, tó lọ.*

Janja jókòó gbì. Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, Jelka jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, Ruža ọmọ rẹ̀ lọ sí Jámánì lọ máa tọ́jú àwọn arúgbó. Janja ló di ẹrù rẹ̀. Òun ló gbá ọmọ mọ́ra ní ibùdókọ̀, tó ní kí Ruža má bojú wẹ̀yìn.

Bí òun àti Jelka ti ń lọ sílé, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, àtorí wàràkàṣì dórí ibùdókọ̀. Ó ní kí Jelka fi ìwé náà ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì, Jelka dúró.

“Màmá àgbà,” ó ní, “ọbabìnrin tí kò bá yín tan, ẹ̀ ń wé gèlè dúdú fún un láti kékeré. Màmá mi tí ẹ bí ńkọ́, èwo lẹ wé fún un rí?”