Ọmọ Mélòó Ló Ń Bá Yín Lọ?

Ojú irin gba inú ilé ìdáná wa kọjá, mo sì ń se ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó kọjá lábẹ́ tábìlì, ó sì jáde níbi tí àmù wà. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ó dí mi lọ́wọ́. Àwọn ọmọ mi jókòó lé e lórí, wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ọ̀nà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tọ́ọ̀mù kẹta ti parí, òjò oṣù keje ń rọ̀, mo sì ti ṣèlérí fún wọn pé a ó wọ rélùwéè, a ó máa ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn létí òkun títí ilé-ìwé yóò fi wọlé. Mi ò rántí ìgbà tí mo ṣèlérí náà. Ṣùgbọ́n àwọn rántí.

Mojíròlá, tó dàgbà jù, ló ń darí wọn. Ó ní láti Ìlaró a ó dé Ìdógò, láti Ìdógò a ó bọ́ sí Pọ̀bẹ̀, a ti wọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà Àjàṣẹ́, Kútọnu, Lomé ní ilẹ̀ Tógò, ká tó wá lọ sinmi ní Akrá ní Gánà. Ṣìjúadé, tó tẹ̀ lé e, ní bí bọ́ọ̀lù wọn bá dáa ní Gánà, òun ò ní bá wa padà. Ìbídùnní, tó kéré jù, fẹ́ mọ̀ bóyá àkàrà ni wọ́n fi kọ́ ìlú Akrá.

"Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́, Màámi? Ṣé ìlú náà ò ní rọ̀?"

"Yóò rọ̀," mo ní.

Ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Mo sọ fún wọn pé Ìdógò ni irin parí sí. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, mo mọ ibi tó parí sí gan-an, orí ẹ̀ ni màmá mi máa ń sá gbágùúdá sí. Mojíròlá ní, "Màámi, ìgbà tiyín nìyẹn." Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kọjá Ìdógò, irin náà sì gùn sí i lábẹ́ tábìlì.

Torí pé ojú irin ni, ó lójú. Ojú kan wà láàárín igi abẹ́ irin kan sí èkejì, gbogbo wọn pọ́n díẹ̀ bí ojú ẹni tí kò rí oorun sùn, wọ́n sì ń ṣẹ́jú. Èyí tí Mojíròlá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà funfun, ó là rekete bí ojú ọmọ tuntun. Mo ń ṣọ́ ibi tí mo ń da omi ẹ̀wà sí.

Mo fa báàgì Gánà-mọ́ọ̀sì-gò jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ sínú rẹ̀. Báàgì náà mí kanlẹ̀.

"Ibo lẹ ń gbé mi lọ?"

"Gánà ni."

"Gánà tòótọ́? Látọjọ́ tí wọ́n ti ń sọ pé dandan ni kí n lọ, kò sẹ́ni tó mú mi débẹ̀ rí. Èlùbọ́ ni wọ́n ń kó sí mi nínú."

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà mí. Ìwé kẹfà ni mo kà dé, mi ò gbọ́ Faransé, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tó dé kẹ́ẹ̀pù sọ̀rọ̀ tí ohùn èèyàn ò ní gbọ̀n. Ohun tí mo mọ̀ ò ju kí n máa ṣọ́ ọmọ lọ. Ó sì ti rẹ̀ mí. A ò tíì gbéra, ó ti rẹ̀ mí. Bàbá wọn ò sí níbẹ̀. Ohùn ẹ̀ nìkan ni mo gbọ́ nínú áyọ́ọ̀nù tí mo fi ń lọ ṣòkòtò Ṣìjúadé, ó ní ká má gbàgbé agboòrùn, ó sì tutù lọ.

Màmá mi gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó ti kú kí n tó bí Ìbídùnní. Ìró tí a fi sin ín ló ró, ó gbé àpò kékeré kan dání, ó sì ń nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ó má baà kó ẹrẹ̀ wọlé. Àwọn ọmọ mi obìnrin kúnlẹ̀ kí i. Ṣìjúadé dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí irin, àwọn ojú ibẹ̀ sì pa dé kí àyà ẹ̀ má baà gún wọn.

"Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ń lọ síbì kan," ni màmá mi wí.

"Màmá, ẹ ti kú."

"Mo ti gbọ́. Ṣé torí ìyẹn ni mi ò ṣe ní ṣe ọlidé?"

Ó jókòó sórí àpótí tí mo fi ń dáná, ó tú àpò rẹ̀, ó sì kó róbó jáde. Róbó náà ń ta sánsán. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju rírí tí mo rí i lọ. Mo mọ̀ pé àlá ni, bí èèyàn ṣe máa ń mọ̀ nígbà mìíràn, mo sì mọ ohun tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà: èèyàn kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ òkú lójú àlá, kì í sì í bá a dé ibi tó ń lọ, tó bá ṣì fẹ́ jí sórí ẹní rẹ̀. Mo fi ojú sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má gbà á. Mojíròlá àti Ṣìjúadé gbọ́ ojú mi. Ìbídùnní kéré, kò tíì gbọ́ ojú dáadáa.

Ọkọ̀ dé láìfọn fèrè. Ilé ìdáná náà kàn gùn sí i ni, àga tò lọ́tùn-ún lósì, ògiri sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ẹ̀wà mi ṣì ń hó lórí sítóòfù. Mo wòta, mo rí ilé wa tó dúró sínú òjò láìní ilé ìdáná.

Ní Ìdógò, ọkùnrin kan tó dé kẹ́ẹ̀pù gbé ọwọ́ lé ògiri, ọkọ̀ sì dúró. Òun ló ń ṣọ́ ẹnubodè. Kò le lójú. Ó jọ pé ó rẹ òun náà.

"Ẹ kú ìrìn, Ìyá. Ọmọ mélòó ló ń bá yín lọ?"

Nílé wa, a kì í ka ọmọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo nàka sí àwọn àbúrò mi, mo ní oókan, eéjì, màmá mi sì gbá mi lẹ́nu. Ó ní ta ló rán mi pé kí n máa fi wọ́n han ohun tó ń wá wọn. Látìgbà náà, bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ mi pé, ojú wọn ni mo máa ń wò, ojú tibí, ojú tọ̀hún, títí ọkàn mi yóò fi balẹ̀.

"Àwọn ọmọ ni, sà," mo ní.

"Àwọn?"

"Àwọn, sà."

"Kò burú. Àwọn." Ó ṣílẹ̀kùn, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kì í ṣe tèmi nìkan. Gbogbo ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà gbà ni. Aṣọ ilé-ìwé aláwọ̀ búlúù ni wọ́n wọ̀, omi òjò ń ro lára wọn. Àwọn ọmọ àdúgbò wa wà níbẹ̀, àwọn tí mi ò rí rí náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń kí mi bí wọ́n ṣe ń wọlé: "Ẹ káàárọ̀, Màámi." Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn, búlúù ni àwọn tèmi náà wọ̀.

Màmá mi sún fún wọn kí wọ́n rí ibi jókòó.

"O ṣe é dáadáa," ó ní. "O ò kà wọ́n."

Ọkọ̀ gba inú igbó kọjá sí Pọ̀bẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹ̀wà. Ẹ̀wà ò tán, ọmọ ò tán. Ẹni tó bá jẹ tán á na ẹsẹ̀ sí mi, ẹrẹ̀ á sì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀hún. Ní Àjàṣẹ́, ẹsẹ̀ ni mo ń fọ̀. Nígbà tí a dé Kútọnu, ẹsẹ̀ náà ni mo ṣì ń fọ̀. Ọkọ̀ ti di kíláàsì, ó ní pátákó, ó tún di yàrá tí wọ́n sin Màmá sí, ó tún di kíláàsì padà, mo sì ń gbé garawa omi kiri inú wọn. Adágún omi ńlá kan ń bá wa rìn lójú fèrèsé, ó ru ilé sórí bí ẹni ń tọjà lọ.

"Màámi, ẹ wòta!" ni Mojíròlá wí. "Ẹ wo omi tó ru ilé!"

"Mi ò ráyè wòta."

"Ẹ jókòó, jàre. Ẹ̀yin náà wà ní ọlidé."

"Ta ni yóò fọ ẹsẹ̀ wọn?"

"Ẹ jẹ́ kó máa rùn. Ìlú onílùú la wà, ta ló mọ̀ wá níbí?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí Ìbídùnní lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá mi. Róbó wà lọ́wọ́ Màmá. Ẹnu ọmọ náà ń mì.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, mo wá gbogbo abẹ́ ahọ́n. Ohun kan le níbẹ̀, mo yọ ọ́. Eyín ni. Eyín ọmọdé, funfun, ẹ̀jẹ̀ kín-ún wà nídìí rẹ̀.

"Ó yọ fúnra ẹ̀, Màámi," ni Ìbídùnní wí. Àlàfo wà níwájú ẹnu ẹ̀. Kò sí róbó níbẹ̀.

"Mo fi lọ̀ ọ́ lóòótọ́," ni màmá mi wí. "Ó ní màmá òun ò gbà. Ọmọ rẹ gbọ́ ojú ju bí o ṣe rò lọ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi lọ̀ wọ́n mọ́."

"Irú ìyá àgbà wo wá ni mo jẹ́, tí mi ò lè fọ́ róbó fún ọmọ ọmọ mi?"

Mo lọ́ eyín náà mọ́ etí ìró mi, mo padà sídìí garawa.

Ní Lomé, òkun wọnú ọkọ̀, ó sì wá ibi jókòó láàárín wa. Ó mù wá dé orúnkún, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọkùnrin ẹnubodè Ìdógò yẹn náà ló tún dúró lẹ́nu ọ̀nà, kẹ́ẹ̀pù mìíràn ló dé.

"Ìyá, 'àwọn' ò gba ibí kọjá o," ó ní. "Ní ibi tó kù tí ọkọ̀ yìí ń lọ, ẹni tí ẹ bá kà nìkan ló ń bá a lọ. Ẹni tí ẹ ò bá kà yóò bọ́ sílẹ̀ níbí."

"Ṣé Akrá ló kù?"

Ó kọ́kọ́ wo màmá mi. "Ọ̀dọ̀ màmá yín ló kù."

Àwọn ọmọ ò gbọ́ ìyẹn. Pé wọn yóò bọ́ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n gbọ́. Gbogbo wọn nawọ́ sókè bí ìgbà tí tíṣà bá bi wọ́n ní nǹkan tí wọ́n mọ̀. "Ẹ kà mí, Màámi! Ẹ kà mí!" Ohùn Ṣìjúadé wà níbẹ̀: "Ẹ ṣèlérí!" Mo wá ojú wọn, mi ò rí i. Ọwọ́ ni mo ń rí. Gbogbo ọwọ́ náà jọra, gbogbo ẹ̀ ń mì, kò sì sí bí mo ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ tèmi.

"Kà wọ́n, Àṣàbí," ni màmá mi wí.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má kà wọ́n."

"Ìgbà tí mo wà láyé nìyẹn. Ibi tí mo wà báyìí dá páropáro." Ó fa etí ìró rẹ̀, ó fi nu òógùn lójú mi. "Wo bí o ṣe rù. Kà wọ́n, kó o sinmi. Èmi náà á máa bá ọ fọ ẹsẹ̀."

Mi ò ní purọ́, ó wù mí. Ọwọ́ màmá mi rọ̀, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi nu ojú. Kí n kàn sọ iye kan, kí n gbé garawa sílẹ̀, kí n sùn. Mo gbé ìka sókè.

Mo na ìka náà sí màmá mi.

"Oókan," mo ní.

Ọkùnrin náà dúró. "Ó kù?"

"Ó tán, sà."

Màmá mi wo ìka mi títí. Ìgbà tó yá ló bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹ̀ àtijọ́, èyí tó máa ń fọwọ́ bò lẹ́nu.

"Háà, Àṣàbí! Èmi wá lọmọ tí o bí?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Mi ò bínú. O ò bá ti tètè sọ, ǹ bá jókòó sójú fèrèsé."

Ó dìde, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ jókòó sójú fèrèsé. Mo fẹ́ bá a gbé àpò náà. Mi ò gbé e.

"Màámi ti ba ọlidé jẹ́," ni ohùn kan kùn láàárín wọn, ó sì pòṣé. Mojíròlá ni. Òun ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ sínú omi. Mo bọ́ sílẹ̀ ṣáájú wọn, mo sì dijú, kí ojú mi má baà kà wọ́n fúnra rẹ̀. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fò sómi, jàlà, jàlà, àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń jà sí bàtà. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ gbéra. Fèrèsé kan ṣí níbẹ̀, ẹnì kan pe orúkọ mi, mi ò yíjú.

Ọwọ́ kékeré kan wọ ọwọ́ mi ọ̀tún. Òmíràn wọ tòsì. Òmíràn tún wà tó ń fọwọ́ pa mí lára káàkiri, níkùn, nígbòǹwọ́, ó ń wá èyí tí yóò dì mú. Mo wá ọwọ́ mìíràn fún un lára mi, mo sì rí i.