Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn

Bátìrì wa ti lo ọdún mẹ́rin. Bí iná bá lọ ní Mowe, òun ló ń gbé ẹ̀rọ atẹ́gùn tí ìyàwó mi, Fàúsátù, fi ń mí.

Iná kéékèèké mẹ́rin wà lójú ìnfátà tó so bátìrì mọ́ ẹ̀rọ náà. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tàn, bátìrì ti kún nìyẹn. Lukman ọmọ wa gbà wọ́n gbọ́. Èmi ò gbà wọ́n gbọ́. Lóṣooṣù, mo máa ń jẹ́ kí Fàúsátù máa mí láti inú sílíńdà atẹ́gùn, màá jẹ́ kí ẹ̀rọ náà lo bátìrì tán, màá sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye wákàtí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mẹ́jọ ni mo kọ́kọ́ kọ. Ó di mẹ́fà. Ó di mẹ́ta. Èyí tí mo kọ kẹ́yìn ni wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú.

"Bàbá, ó kún kẹ̀," ni Lukman wí.

"Kẹ́ẹ̀gì tí yẹ̀pẹ̀ ti gba ìdajì rẹ̀ náà máa ń kún. Omi inú ẹ̀ ńkọ́?"

Fàúsátù rẹ́rìn-ín. "Fi bàbá ẹ sílẹ̀ jàre. Ṣọ́ọ̀kì yẹn ni ìyàwó kejì tí wọ́n fẹ́."

Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù méjì kọjá tí n kò wọ̀n ọ́n. Mo ní ọwọ́ mi dí. Ọwọ́ mi ò dí. N kò fẹ́ mọ iye tó kù ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, iná lọ ní agogo méjìlá ọ̀sán. Jẹnẹrétọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Asese. Sílíńdà ti tán. Mo pe Lukman ní Ajuwon.

"Mò ń gbé sílíńdà mìíràn bọ̀, Bàbá. Tó bá fi máa tó wákàtí méjì, mo ti dé. Iná mélòó ló ń tàn?"

"Mẹ́rin."

"Ẹ fọkàn balẹ̀ nígbà yẹn."

Mo lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nínú àwọn tí mo kọ kẹ́yìn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ń dín lóṣù kan. Oṣù méjì, àádọ́ta. Ó ku wákàtí kan ààbọ̀.

Mo tún pe Lukman. Fóònù rẹ̀ kò wọlé.

"Dìde, Fàúsátù. Ọsibítù yá."

"Ṣebí iná mẹ́rin ló ń tàn?"

"Dìde."

Ṣàràfá, aládùúgbò wa, fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ sí Ibafo. N kò rántí pa ẹ̀rọ. Ètè Fàúsátù ti ń dúdú kí àwọn nọ́ọ̀sì tó fi atẹ́gùn sí i nímú.

Agogo méjì ti kọjá kí Lukman tó délé. Ẹ̀rọ ti kú. Aago oníná tó ń lo bátìrì kan náà ti dúró ní agogo kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ó wá bá wa lọ́sibítù. Ó sọ ohun tó rí fún mi, ó dọ̀bálẹ̀, kò sì tètè dìde. Kò mẹ́nu ba iná mẹ́rin mọ́.

"Wákàtí mélòó ni bátìrì náà lò?" Fàúsátù bi mí.

"Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

"Bàbá Lukman, ẹ má lọ máa kọ tèmi náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn o."

N kò lè rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo délé, mo mú ṣọ́ọ̀kì. Mo fi àyè sílẹ̀ fún àwọn oṣù tí mo fò, kí n tó kọ iye tí bátìrì lò.